Erékùṣù Lókè Ẹ̀fọ̀n

Ìwé náà ti já lẹ́yìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa,
Tíṣà Fàmúwàgún fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í.
Ó ṣí i sórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú:
erékùṣù kan, láàárín òkun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí.
Ilẹ̀ ibẹ̀ dà bí osùn tí a fi omi pò,
igi ibẹ̀ ń jó bí iná, ewé rẹ̀ kò sì rọ,
ajá pupa kan ń sùn,
obìnrin méjì jókòó sórí koríko,
wọn kò wo ara wọn, wọn kò wò wá.

"Òyìnbó kan ló kùn ún," ni Tíṣà wí.
"Ó fi ilé sílẹ̀, ó fi aya sílẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi,
ó ní òun ń wá ibi tí ayé kò tíì bàjẹ́."
Adéparùsì na ọwọ́ lẹ́yìn kíláàsì:
"Kí lorúkọ àwọn obìnrin náà, sà?"
Tíṣà ṣí ìwé dé ẹ̀yìn, ó ṣí i padà síwájú.
Orúkọ òyìnbó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.
Aago lù. A lọ jẹun.

Mo bá Ìyá Òkè lórí àpáta tó ń sá kòkó,
mo bi í bóyá ilẹ̀ lè pupa tó báun, kí ajá náà pupa.
Ó ní, "Ṣé ìwọ ò lójú ni?
Epo pupa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, pupa. Ọmọ àná, pupa.
Ojú ẹni tó sunkún mọ́jú ńkọ́?
Ewé kòkó dúdú, òru dúdú, aṣọ aró dúdú,
èmi náà rèé.
Àwọ̀ mélòó lẹ tún fẹ́ kọ́ nílé ìwé?"

Ní ìdájí Sátidé mo gun òkè.
Kùrukùru ti kún àfonífojì dé ọrùn,
ọ̀nà Adó ti rì,
páànù ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló yọ bí ẹ̀yìn ẹja.
Àwọn òkè tó kù léfòó,
erékùṣù, erékùṣù, erékùṣù,
àkùkọ sì ń kọ nísàlẹ̀ omi.
Mo dá rẹ́rìn-ín. N kò wọkọ̀ kankan.

Mo tẹ́ ìwé àpò sìmẹ́ǹtì sórí àpáta.
Osùn fún ilẹ̀. Búlúù ìfọṣọ fún kùrukùru.
Pupa ẹyin fún ẹní tí Ìyá Òkè jókòó lé.
Fún ara rẹ̀, dúdú ìdí ìkòkò,
pẹ̀lú epo díẹ̀, kí ó lè máa dán.
Ó wá wò ó, ó ní hẹ̀n-ẹ́n.
"Ẹsẹ̀ mi ò wú tó báyìí.
Kí ló dé tí mo gbójú kúrò lára rẹ?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìwé.
"Èmi ń wò ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ọ́,
o ò tíì yí kòkó yẹn padà lẹ́ẹ̀kan!"
Mo fi èédú tún ojú méjèèjì yà,
mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an.

Òjò ò kí wa kó tó wọlé.
Agbọ̀n ni mo gbé, n kò gbé àwòrán,
a sáré, a dà, a bò, a tún padà wá kó ìyókù.
Nígbà tí ó dá, osùn ti ṣàn wọnú búlúù,
òkè ti yọ́, ẹní ti lọ, ẹsẹ̀ tó wú ti lọ.
Ojú méjì ló kù, wọ́n ń wò mí.

Lálẹ́ mo bi ìyá mi ní orúkọ Ìyá Òkè gan-an.
Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ ojú náà, lẹ́tà ńláńlá.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.
Adéparùsì sún mọ́ ọn, ó ń fìka tọ̀ ọ́,
ó kà á sókè: Ojúọlápé.
Ó ní o tí mo kọ sáàárín kò lẹ́sẹ̀.